Wọ́n ní ọmọ mi "flat-footed": kí ló túmọ̀ sí, kí ni kí n sì ṣe?

Ìyá Àdùkẹ́, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mo gbé wá. Obìnrin ni, ọmọ ọdún 5. Wọ́n ń múra inter-house sports níléèwé wọn. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní eré ìje wo ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní flat-footed ni, ó sì yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó máa sáré. Ọmọ délé, kò jẹun. Ó ń bi mí bóyá ẹsẹ̀ òun ti bàjẹ́ ni.

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Lóòótọ́, bó bá dìde dúró, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń kan ilẹ̀, kò sí kòtò kankan láàárín. Àmọ́ kò sọ fún mi rí pé ẹsẹ̀ ń dun òun, kò sì sí ibi tí kì í sáré dé nínú àgbàlá.

Èyí tó wá kó ìdààmú bá mi ni pé bàbá rẹ̀ ń wo bọ́ọ̀lù lálẹ́, mo gbọ́ tí ẹni tó ń ròyìn eré náà ní gólí "was caught flat-footed". Ọkọ mi ní ohun tó túmọ̀ sí ni pé gólí ò múra sílẹ̀. Ṣé ọ̀kan náà ni méjèèjì? Ṣé ọmọ mi lọ́ra ni wọ́n ń sọ? Ìyá ọkọ mi ní ká lọ ra bàtà onírin fún un kí ẹsẹ̀ má bàa wọ́ pátápátá. Aládùúgbò wa ní kí n máa fi àdí fa ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó dá mi lóhùn.

Olùkọ́ Èdè, Ìlọrin

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ kan ni, àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, àwọn ìtumọ̀ náà ò sì bára wọn tan tó bí èèyàn ṣe máa rò.

Èyí tó jẹ́ ti ara ni pé àtẹ́lẹsẹ̀ èèyàn tẹ́ pẹrẹsẹ. Kòtò tó máa ń wà lápá inú, láàárín gìgísẹ̀ àti ìdí àtàǹpàkò, kò sí níbẹ̀ tàbí kò jìn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ nǹkan kan nípa eré sísá, kò sì sọ nǹkan kan nípa làákàyè ọmọ.

Èyí tí ẹ gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ ìdúró ni. Ẹni tó ń retí bọ́ọ̀lù tàbí ẹ̀ṣẹ́ kì í fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀. Ó máa ń tẹ orúnkún díẹ̀, á gbé ara sí iwájú ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀. Bó bá fi gbogbo ẹsẹ̀ lélẹ̀ gbọnyin, kó tó gbéra, bọ́ọ̀lù ti wọlé. Ohun tó ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n ń sọ. Gólí tí kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jìn ju ti gbogbo yín lọ lè ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, kó má ṣe é lọ́la. Láti pápá ni wọ́n ti mú un wọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ìjọba tí àgbàrá ká mọ́ láìgbẹ́ gọ́tà, báńkì tí oríṣi jìbìtì tuntun bá lójijì, ilé-iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ tán lọ́jọ́ tí oníbàárà pọ̀ jù, gbogbo wọn ni ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì á ní wọ́n "caught flat-footed". Àwa á ní wọ́n bá wọn láìròtẹ́lẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tí wọ́n bá ní ó sọ̀rọ̀ "flat-footed" ni ẹni tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láìfì sọ́tùn-ún sósì. Ìyìn ni nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún ń pe ọlọ́pàá ní "flatfoot" níbẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn àdúgbò ká látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn tó ń ṣàríwísí ìwé náà ń lò ó fún ìwé tí gbólóhùn rẹ̀ wúwo, tí kò ní adùn. Bí ẹ bá kó gbogbo ìwọ̀nyí jọ, ẹ ó rí i pé kò sí ìkankan nínú wọn tó wá láti inú ìwádìí lórí ẹsẹ̀ ọmọdé. Àwọn èèyàn kàn yá ẹsẹ̀ lò láti fi sọ̀rọ̀ nípa ìwà ni.

Ẹ sọ fún ọmọ náà pé bí ẹsẹ̀ òun ṣe rí ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń sọ pé ẹnì kan ga, ẹlòmíì pupa. Ẹ sọ ọ́ fún un lónìí, kó má di orúkọ ìnagijẹ mọ́ ọn lára. Ẹni tó sọ ọ́ níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ò ṣe dáadáa, mo sì jẹ́ olùkọ́ kí n tó wí bẹ́ẹ̀.

Bàbá Àgbà, Ọ̀yọ́

Olùkọ́, ẹ ṣeun. Àwọn bàbá wa ti sọ tiwọn nípa ẹsẹ̀ àti ìmúrasílẹ̀: ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹni tí kò lè rìn rárá ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí ogun ò bá lójijì. Ìyá Àdùkẹ́, ẹ pa òwe yìí fún ọmọ náà, ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Kóòṣì, Agége

Bọ́ọ̀lù ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé. Mo ní àwọn tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tẹ́ bíi pátákó tí wọ́n ń sáré kọjá àwọn tó ní kòtò. Mi ò fi àtẹ́lẹsẹ̀ yan ọmọ rí.

Ohun tí olùkọ́ sọ nípa ìdúró, ẹ̀kọ́ ni, gbogbo ọmọ ló sì lè kọ́ ọ. Mo máa ń ní kí wọ́n fò díẹ̀ kúrò nílẹ̀ gẹ́rẹ́ tí ẹni kejì bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n balẹ̀ sórí iwájú ẹsẹ̀, kí orúnkún tẹ̀. Àwọn tó ń gbá tẹ́nìsì náà ń ṣe é kí alátakò tó lu bọ́ọ̀lù. Ọmọ tó bá ti mọ èyí, kò sẹ́ni tó máa bá a ní gbọnyin.

Ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé náà pẹ̀lú sùúrù. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó bá àwọn yòókù sáré ní pápá, kí wọ́n fi aago ka eré wọn. Bó bá gbẹ̀yìn, ó gbẹ̀yìn, àmọ́ ó ti sáré. Wọn ò gbọdọ̀ fi ojú lásán lé e jáde.

Fisio, Ìbàdàn

Ìyá Àdùkẹ́, iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mo ń ṣe. Kí n tó sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ bá mi wo àwọn nǹkan kan. Ẹ ní kó yọ gìgísẹ̀ nílẹ̀, kó dúró lórí ìka ẹsẹ̀, kí ẹ̀yin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kòtò yọ? Ṣé gìgísẹ̀ méjèèjì yí sápá inú díẹ̀? Lẹ́yìn ìyẹn, kó dúró bó ṣe máa ń dúró, kí ẹ fọwọ́ gbé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ṣé kòtò yọ nígbà yẹn? Ẹ ní kó lóṣòó, kí ẹ wò ó bóyá gìgísẹ̀ ń kan ilẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì bóyá wọ́n dọ́gba.

Ìyá Àdùkẹ́, Abẹ́òkúta

Mo ti ṣe é. Bó ṣe dúró lórí ìka ẹsẹ̀, kòtò yọ kedere, ó yà mí lẹ́nu. Gìgísẹ̀ yí sínú bí ẹ ṣe wí. Mo gbé àtàǹpàkò rẹ̀, ó tún yọ. Ó lóṣòó dáadáa, gìgísẹ̀ kan ilẹ̀. Méjèèjì dọ́gba.

Fisio, Ìbàdàn

Ọkàn yín balẹ̀ nígbà náà. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó rọ̀ ni ọmọ yín ní, èyí tí kò nílò ìtọ́jú bí kò bá dun ọmọ.

Egungun 26 ló wà nínú ẹsẹ̀ kan, iṣan ló dè wọ́n pọ̀. Lára ọmọdé, àwọn iṣan yìí ṣì rọ̀, bí ọmọ bá sì fi ìwúwo ara lé ẹsẹ̀, àárín á tẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀rá tún wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ-ọwọ́ tó bo kòtò mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ọmọ tuntun ni àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tẹ́. Bí wọ́n ṣe ń rìn tí wọ́n ń dàgbà ni kòtò ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ ọmọ á ti hàn ní nǹkan bí ọdún 6, ti àwọn mìíràn á tó ọdún 10. Àwọn àgbàlagbà wà tí tiwọn ò yọ rárá, wọ́n sì ń jó, wọ́n ń gbẹ́ oko, wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan ń pe ẹsẹ̀ àwọn ní nǹkan kan.

Ẹ ó fẹ́ mọ ìdí tí kòtò fi yọ nígbà tí ẹ gbé àtàǹpàkò. Iṣan fífẹ̀ kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ìdí àwọn ìka. Bí àtàǹpàkò bá gbéra, á fa iṣan yẹn le, iṣan á fa gìgísẹ̀ àti iwájú ẹsẹ̀ súnmọ́ra, àárín á gbé sókè, bí ọṣán ṣe ń mú kí ọrun tẹ̀. Hicks ló ṣàlàyé ìṣe yìí ní 1954, òun la ṣì ń lò títí di òní. Ẹsẹ̀ tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, egungun inú rẹ̀ ń yí bó ṣe yẹ.

Ní ti bàtà onírin, ẹ bá mi bẹ Màmá. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló mú wọn sọ ọ́, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́, kódà lọ́wọ́ àwọn dókítà. Àmọ́ wọ́n ti dán an wò. Ní 1989, Wenger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn tẹ́ tó sì rọ̀. Ọmọ 129 ni wọ́n kó jọ, ọmọ ọdún 1 sí 6. Wọ́n fún àwọn kan ní bàtà ìtọ́jú, wọ́n fún àwọn kan ní ike tó ń gba gìgísẹ̀ mú, àwọn kan gba ike tí wọ́n wọ̀n mọ́ ẹsẹ̀ wọn gan-an, wọn ò sì fún àwọn yòókù ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ọdún 3, ẹsẹ̀ gbogbo wọn ló ti dára sí i, àwọn tí kò gba nǹkan kan náà sì bá àwọn tó kù dọ́gba. Ẹ fi owó bàtà onírin yẹn ra wàrà àti ẹja fún ọmọ.

Ìwádìí kejì tí mo máa ń sọ fún àwọn ìyá ni ti Rao àti Joseph ní gúúsù Íńdíà, ní 1992. Wọ́n yẹ ẹsẹ̀ ọmọ 2,300 wò, láti ọmọ ọdún 4 dé 13. Nínú gbogbo 100 ọmọ tó ń wọ bàtà, 8.6 ló ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ. Nínú àwọn tí kì í wọ bàtà, 2.8 péré ni. Àwọn tó ń wọ bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀ pa ló pọ̀ jù, ti àwọn tó ń wọ sáńdà àti sìlípáàsì kéré sí i. Torí náà, bó bá ti ti iléèwé dé, ẹ bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa rìn lórí ilẹ̀ ilé, lórí yanrìn, lórí koríko tí kò ní àfọ́kù ìgò àti ìṣó.

Àdí ò ní pa á lára, kò sì ní tún egungun ṣe. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni fi agbára tẹ ẹsẹ̀ ọmọ tàbí kó lọ́ ọ pé òun ń nà án.

Ìdí tí mo fi ní kó lóṣòó nìyí. Harris àti Beath yẹ ẹsẹ̀ àwọn sójà Kánádà 3,619 wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1947. Ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó rọ̀ lásán ò yọ àwọn sójà náà lẹ́nu. Àwọn tí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ wọn kúrú tó sì le pẹ̀lú rẹ̀ ló ń ní ìrora. Ọmọ tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ò bá lè kan ilẹ̀ bó bá lóṣòó, ó yẹ kí wọ́n kọ́ ọ ní bí yóò ṣe máa na iṣan yẹn: kó kọjú sí ògiri, kó fọwọ́ méjèèjì tì í, kó na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn gbọọrọ, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà ni ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún, tàbí tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tẹ́ tí èkejì ò tẹ́, tàbí ọmọ tó máa ń ní kí wọ́n gbé òun pọ̀n lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń sáré. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ọmọ tí kòtò rẹ̀ ò yọ bó tilẹ̀ dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Nínú irú ẹsẹ̀ yẹn, ó lè jẹ́ pé egungun méjì ló lẹ̀ mọ́ra láti inú oyún. Ìrora rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá wà láàárín ọdún 9 sí 16, ọrùn ẹsẹ̀ á máa yí i lẹ́sẹ̀ lemọ́lemọ́. Ilé ìwòsàn egungun ní Igbóbì ń rí wọn, UCH níbí náà ń rí wọn.

Àbúrò Ìlú Ọba, Leeds

Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún wa níbí. Mo gbé ọmọkùnrin mi lọ bá dókítà, mo rò pé wọn á fún un ní insole, ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń fi sínú bàtà. Wọ́n ní bí kò bá dùn ún, ká fi sílẹ̀, ká padà wá bí ìrora bá dé. Mi ò nígbàgbọ́ nínú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà, mo rò pé wọ́n fẹ́ lé mi lọ ni. Ọmọ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún iléèwé wọn báyìí.

Aránbàtà, Mùṣín

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàtà iléèwé, torí iṣẹ́ mi ni. Ẹ mú ọmọ dání wá sọ́jà, ẹ má fi okùn wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ sílé. Ẹ mú un wá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀. Kó dìde dúró nínú bàtà, torí ẹsẹ̀ tó tẹ́ máa ń gùn, ó sì máa ń fẹ̀ sí i bó bá gba ìwúwo ara. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò yín wà níwájú ìka tó gùn jù. Ẹ fọwọ́ ká bàtà náà: níbi ìka ló yẹ kó ti tẹ̀. Èyí tó bá tẹ̀ láàárín méjì, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ̀yìn rẹ̀ níbi gìgísẹ̀ gbọ́dọ̀ le.

Òkìríkà ni mo fẹ́ kìlọ̀ lé lórí. Mo mọ̀ pé owó ò sí, mo mọ̀ pé òkìríkà kan ń tọ́ ju tuntun lọ. Àmọ́ ẹ yí i padà, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ti jẹ ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ yín á sì máa rìn ìrìn onítọ̀hún. Ẹ yan èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì dọ́gba.

Bàbá Kúnlé, Àkúrẹ́

Mo fẹ́ fi kan kún un fún àwọn tí ọmọ wọn ti dàgbà. Nínú ìkéde ìgbanisíṣẹ́ àwọn iṣẹ́ aláṣọ ìjọba, ẹ ó máa rí flat foot tí wọ́n kà mọ́ K-leg àti bow leg lára ohun tí wọn ò fẹ́. Ọmọ tó bá ń fọkàn sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kó ka ìkéde náà dáadáa ní ọdún tó fẹ́ wọlé, kó sì lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ dókítà egungun ṣáájú. Àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ wọn kàn tẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti lé ara wọn kúrò kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò. Ó dùn mí fún wọn.

Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

Ẹ jọ̀wọ́, níwọ̀n bí bàbá ti dárúkọ K-leg. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ní K-leg, orúnkún rẹ̀ ń gbára. Ọmọ ọdún 3 àti ààbọ̀ ni. Ẹ mọ̀ pé níbi tiwa, bí nǹkan bá fẹ́ dojú rú, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ náà ti ní K-leg. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú mi ni ojú mi máa ń lọ sára ọmọ yẹn. Ṣé òun náà máa lọ fúnra rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì, Òṣogbo

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ó ṣeé ṣe kó lọ. Orúnkún ọmọ tuntun máa ń jìnnà síra. Ẹsẹ̀ á tọ́ nígbà tí ọmọ bá sún mọ́ ọdún 2, lẹ́yìn náà orúnkún á máa súnmọ́ra, ọdún 3 sí 4 ló sì máa ń pọ̀ jù, ibi tí ọmọ yín wà gan-an nìyẹn. Ní nǹkan bí ọdún 7, ó ti padà síbi tó máa wà. Salenius àti Vankka ló tọ ipa rẹ̀ lára àwọn ọmọ ní Finland, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1975.

Èyí tí mi ò fẹ́ kí ẹ dúró dè ni bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wọ́, bí ó bá ń burú sí i lẹ́yìn ọdún 4 tàbí 5, bí ọrùn ọwọ́ ọmọ bá nípọn, bí ó bá kúrú gan-an ju ìkejì rẹ̀ lọ, tàbí tí egungun ń dùn ún. Ó lè jẹ́ rickets, tí egungun ọmọ á fi rọ̀. Oòrùn pọ̀ nílẹ̀ wa, síbẹ̀ rickets ń ṣe àwọn ọmọ wa. Àwọn dókítà tó ṣiṣẹ́ ní Jos tẹ ìdí rẹ̀ jáde ní 1999: calcium, èròjà tó ń mú egungun le, ló kéré jù nínú oúnjẹ àwọn ọmọ náà, nǹkan bíi mílígíráàmù 200 lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní calcium, egungun wọn san ju ti àwọn tó gba fítámì D nìkan lọ. Ọmọ tí wọ́n ń fi ògì àti ẹ̀bà nìkan tọ́ ló wà nínú ewu. Ẹ wá ẹja sáwá tàbí ẹja wẹ́wẹ́ mìíràn, ẹ yan án gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ teegunteegun, kí ẹ máa bu ú sí ògì rẹ̀. Ẹ fi ewédú kún un, àti wàrà bí agbára bá gbé e.

Kí ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ wọn gígùn àwọn méjèèjì lójú kan náà nígbà gbogbo tí ẹ bá lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá ìbejì ní àǹfààní tí ìyá ọmọ kan ò ní: ẹ ti ní ẹni tí ẹ máa fi ọmọ wé nínú ilé.

Màmá Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ti ọmọdé ni ẹ ti ń sọ látàárọ̀. Èmi ti lé ní ọdún 60. Kòtò wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi láti kékeré. Láìpẹ́ yìí, ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́, ó ń dùn mí lápá inú ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ń wú lẹ́yìn kókósẹ̀. Ìfúnpá mi ga, mo sì ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ní àgbà ló dé. Ṣé kí n fi sílẹ̀ bíi ti Àdùkẹ́?

Fisio, Ìbàdàn

Rárá o, Mà. Ẹ má fi tiyín sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tó tẹ́ láti ìgbà èwe yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ní kòtò tẹ́lẹ̀ tó wá ń wó.

Iṣan kan gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ inú kọjá, òun ló ń gbé kòtò yẹn dúró. Bó bá ti ń rẹ̀ tàbí tó ń já, àárín ẹsẹ̀ á máa wálẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ti kọjá ọdún 40, pàápàá àwọn tó sanra, àwọn tí ìfúnpá wọn ga, àti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ di ògiri mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò nílẹ̀, kí ẹ gbìyànjú láti yọ gìgísẹ̀ ọ̀tún nílẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, tàbí tó bá dùn yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣan yẹn. Kí ẹnì kan nínú ilé dúró sẹ́yìn yín kó wò ó: bí ìka ẹsẹ̀ tó ń yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bá pọ̀ lọ́tùn-ún ju òsì lọ, ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn.

Lára àgbàlagbà, insole àti bàtà tó le lẹ́yìn wúlò dáadáa, nítorí wọ́n ń gba ẹrù kúrò lórí iṣan tó ń rẹ̀. Bí ẹ bá tètè dé, ó lè jẹ́ bàtà gíga tó ń gba ọrùn ẹsẹ̀ mú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà insole àti eré ìdárayá tí a máa kọ́ yín. Bó bá pẹ́ títí tí ẹsẹ̀ fi le gan-an síbi tó wó sí, iṣẹ́ abẹ ló máa kù. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, Mà.

Màmá Ìjẹ̀bú

Mo gbọ́, ọmọ mi. Ọjọ́ Ajé ni màá lọ. Ìtọ̀ ṣúgà yẹn ńkọ́, ṣé ó tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀?

Fisio, Ìbàdàn

Ó ní o, òun ló sì ń kó mi láyà sókè jù. Ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Egungun àárín ẹsẹ̀ lè máa fọ́ díẹ̀díẹ̀, kí onítọ̀hún ṣì máa rìn lé e lórí torí kò dùn ún tó bó ṣe yẹ. Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ọ̀tún bá gbóná ju òsì lọ, tó wú, tó sì pọ́n, ẹ má dúró de Ajé. Ẹ jókòó, ẹ má fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé yín lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò egungun. Kí ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ìtọ̀ ṣúgà wà lára yín, torí bí wọn ò bá mọ̀, wọ́n lè rò pé ẹsẹ̀ kàn yí yín lásán ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi róbù fa á.